Mo Jẹ́rìí Kí Ara Mi Tó Yá

Bí o bá ti rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí o lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, tí o sì sọ fún ara rẹ pé jẹ̀dí lásán ni, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí o bá sì jẹ́ ẹni tó ti dìde rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó sọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé ó ti ṣẹlẹ̀, ìwọ gan-an ni mò ń wá. Kò wù mí láti kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé àwọn ibì kan, mo ní kó dìde lọ, kí n fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́, nítorí ojú rẹ̀ ń tì mí.

Ọmọ Iléṣà ni mí, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbé Benin. Iṣẹ́ àga ni mò ń ṣe ní Airport Road. Àga ìjókòó tó bá ti rì, a ó tú u, a ó pààrọ̀ fóòmù inú rẹ̀, a ó fi awọ tuntun bò ó. Ọmọ Benin ni ìyàwó mi, Ifueko lorúkọ rẹ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń jẹ́wọ́ lọ. Tèmi, ọmọ wa kan ṣoṣo, wà ní yunifásítì níbí. Bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Pidgin ni yóò fi dá mi lóhùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ekenwan Road, èmi ni olórí ẹgbẹ́ àdúrà àwọn Yorùbá, tí a máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.

Ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Kò pọ̀, pupa díẹ̀ lára tíṣù ni. Mo wò ó, mo jù ú nù, mo sì sọ fún ara mi pé ṣúgà ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ ní ìdí kì í wá àlàyé lọ síbi tó jìnnà. Jẹ̀dí ni. Ó ti jẹ nǹkan dídùn jù. Bí o bá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kí o dín ṣúgà kù kí ìyàwó má baà lé ọ jáde ní yàrá. Yẹ̀yẹ́ la fi ń ṣe, nítorí náà ẹni tó ń ṣe kì í fẹ́ sọ ọ́ síta. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í mu tíì láìfi ṣúgà sí i, mo sì rò pé mo ti gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Iléṣà ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ó fi àgbo jẹ̀dí ránṣẹ́ nínú ìgò ńlá mẹ́ta, ó ní òun náà mu ún, bàbá wa náà mu ún. Àgbo náà korò, ó sì ń ṣí mi nínú. Bí inú mi bá ti ń ṣí báyìí, màá ní ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ifueko kò gbà. Ọjọ́ kan tó rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ tí mo bọ́ sílẹ̀ fún fífọ̀, ó gbé e wá bá mi ní pálọ̀.

Ó ní, “Daddy Tèmi, kí lèyí?”

Mo ní, “Jẹ̀dí ni.”

Ó ní, “Ẹ̀yin Yorùbá. Ẹ̀jẹ̀ jáde, jẹ̀dí. Ẹ̀yìn ń dùn yín, jẹ̀dí. Bí mọ́tò bá gbá yín, ẹ máa ní jẹ̀dí ni. No be everything be jedi-jedi o. Ẹ lọ sí hospital.”

Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín.

Oṣù bíi mẹ́fà kọjá báyìí. Ìgbẹ́ mi di tẹ́ẹ́rẹ́. Màá sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, màá jókòó títí, nǹkan kan kò ní jáde, kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù, ìgbẹ́ tún ti ń gbọ̀n mí. Sòkòtò mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ní ìdí. Oúnjẹ kò wù mí mọ́, bí mo bá gun àtẹ̀gùn kékeré, màá máa mí hẹlẹ hẹlẹ. Bẹ́ẹ̀, nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó bá parí àga gbọ́dọ̀ jókòó lé e lójú oníbàárà kó lè rí i pé ó dára. Ó wá di pé mò ń wá ẹni tí yóò bá mi jókòó lé àga tí èmi fúnra mi ṣe. Àwọn tá a jọ wà ní ìlà ṣọ́ọ̀bù ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ọ̀gá ti di ọba, kì í jókòó sórí àga kékeré mọ́. Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo gbà láti lọ sí ilé ìwòsàn. Mo dé ibẹ̀ kí aago méje àárọ̀ tó lù, mo gba káàdì, mo jókòó lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Títí di ọ̀sán, wọn kò tíì pè mí. Ọkùnrin kan jáde láti yàrá dókítà, ó ń tún bẹ́líìtì rẹ̀ dì. Mo bi í bó ṣe rí. Ó ní wọ́n ní kí òun yí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì fi ìka wo ìdí òun. Dókítà náà kò ju ọmọ òun lọ. Mo jókòó díẹ̀ sí i bí ẹni tó ń sinmi, lẹ́yìn náà mo dìde, mo bá ẹnu ọ̀nà jáde. Mo délé, mo sọ fún Ifueko pé wọ́n ti yẹ̀ mí wò, jẹ̀dí ni wọ́n ní ó ń ṣe mí. Nígbà tí pásítọ̀ wa rí bí mo ṣe rù, tó bi mí pé ṣé mo ti rí dókítà, ohun kan náà ni mo sọ fún un. Mo kọ èyí síbí kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá pásítọ̀ lẹ́bi ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹgbẹ́ àdúrà wa ní àṣà kan. Ẹni tó bá ń retí nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run kì í sọ pé “yóò” láàárín wa, nítorí “yóò” dà bí iyèméjì létí wa. “Ti” là ń lò. Ọlọ́run ti fún mi lọ́mọ. Ọlọ́run ti fún mi nílé. Ẹni tí kò tíì ra búlọ́ọ̀kù kan á dìde, á ní òun ti kọ́lé, gbogbo wa á sì pariwo Halelúyà. Ìgbàgbọ́ ni, kì í ṣe irọ́, bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Èmi gan-an ni mo máa ń tún un ṣe fún ẹni tó bá ṣì í sọ. Bí àlejò kan bá dìde tó ní Ọlọ́run máa wo òun sàn, màá rọra dá a dúró, màá ní, “Kì í ṣe ‘máa’, ‘ti’ ni.”

Ní Ọjọ́rú kan tí pásítọ̀ kò sí níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò tíì dà fún ọjọ́ mẹ́jọ. Inú mi dùn. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde wá, mo jáde. Mo gba màìkì, mo ní, “Ẹ bá mi yin Olúwa. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára mi. Ọlọ́run ti wò mí sàn. Ó ti parí.” Ibẹ̀ ni mi ò bá ti dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pariwo, obìnrin kan ń jó, ọ̀rọ̀ náà sì dùn lẹ́nu mi, mo wá fi kún un pé mi ò jẹ́ kí dókítà kankan fọwọ́ kàn mí, àdúrà nìkan ni mo gbà. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi tí mò ń fi òwe yẹn bá ọmọ wí, mi ò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí a ṣe ń túká, Ìyá Bíọ́dún dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Opó ni, ó ń ta ohun ìpèsè bíi mílíìkì àti ọṣẹ ní Iyaro, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló ní, Bíọ́dún, tó ń ṣiṣẹ́ iná. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pẹ́ lẹ́yìn ìpàdé. Ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó mú káàdì ilé ìwòsàn kan jáde láàárín rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ohun tó ń ṣe yín yẹn gẹ́lẹ́ ló ń ṣe èmi náà. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Wọ́n ní kí n wá ní Mọ́ńdè, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ wo inú ìdí mi. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n dúró ti Ọlọ́run bíi tiyín?”

Mo gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo gbàdúrà. Mo ní, “Ìyá Bíọ́dún, ẹ má sọ pé ó ń ṣe yín mọ́. Ẹ sọ pé ó ti parí.”

Ó ní, “Ó ti parí.” Ó gba káàdì náà padà, ó ká a sí méjì, ó fi sínú báàgì.

Mi ò ní kó má lọ. Mo fi gbólóhùn yẹn tu ara mi nínú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n ó bi mí bóyá kí òun lọ, èmi sì wàásù fún un. Kò lọ ní Mọ́ńdè. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà gan-an, kí Mọ́ńdè tó pé, ẹ̀jẹ̀ mi tún ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo mọ ilé rẹ̀, mo ní nọ́mbà rẹ̀. Mi ò pè é.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Inú mi ti wú, mi ò lè ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, mi ò lè só. Ifueko àti Tèmi ni wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ yẹn ni ìka tí mo ti ń sá fún náà wọlé. Kò tó àkókò tí a fi ń bó ọsàn kan. Nítorí nǹkan tí kò tó yẹn ni mo fi fi ọdún kan ṣòfò. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò mìíràn lé e, dókítà sì pe èmi àti ìyàwó mi, ó ní jẹjẹrẹ ni. Ó ní ó ti pẹ́ níbẹ̀, àmọ́ kò tíì ràn dé ibòmíràn. Wọn yóò gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, wọn yóò sì lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ ikùn mi, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ yóò máa gbà bọ́ sínú àpò títí ọjọ́ ayé mi.

Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àpò, mo ní mi ò ṣe. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹ̀gbọ́n mi náà pè láti Iléṣà, ó ní kí wọ́n má ṣe fi abẹ kan ara mi o, bí afẹ́fẹ́ bá ti kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń tàn ká. Ó ní kí wọ́n gbé mi wá sílé, òun ti rí ẹni tó ní àgbo tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀. Ifueko gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Ìgò mẹ́ta tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ti tán. Ẹ ṣeun.” Ó pa á. Ó wá jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní, “Who go see the bag? Na me dey sleep for your side. Èmi ni mo máa rí i, mi ò sì ní rẹ́rìn-ín.” Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fún un ló tà kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo mú un búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. A ní mo ti lọ sí Iléṣà fún ọ̀rọ̀ ìdílé.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni mo fẹ́ sọ yìí, ibẹ̀ sì ni mo ti ní kí Tèmi dìde kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó ń fún mi ní ògì lọ́jọ́ náà, nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá Bíọ́dún ni.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn o. Ilé ńkọ́, gbogbo ará Iléṣà ńkọ́? Ẹ má bínú pé mo dí yín lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ò tíì dá o, ó tún ń pọ̀ sí i. Bíọ́dún ní kí n lọ sí ọsibítù, mo ní rárá, mo rántí ẹ̀rí yín. Mi ò ní yẹsẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi gbàdúrà.”

Omi ń kán sí mi lára láti inú rọ́bà. Àpò wà lára ikùn mi. Mo gbàdúrà fún un. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ohùn mi le, kó má baà mọ̀ pé mo wà ní ìdùbúlẹ̀. Mo parí rẹ̀ bí mo ṣe máa ń parí rẹ̀, mo ní, “Ó ti parí.” Ó ní, “Àmín o, Ẹ̀gbọ́n.”

Tèmi gbé ife ògì sílẹ̀. Ó ní, “Daddy, who be that? She no know say you dey hospital?”

Mo ní ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Ó ní, “She dey bleed like you?”

Ó na ọwọ́, ó ní kí n fún òun ní fóònù náà, kí òun pè é. Mo pa fóònù, mo fi í sí abẹ́ ìrọ̀rí. Ọmọ mi bọ́ síta. Ìyá rẹ̀ ló wá parí ògì náà fún mi.

Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, bùbá ńlá ni mò ń wọ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni mo sì ń jókòó sí, nítorí àpò náà máa ń dún nígbà mìíràn. Wọ́n ní, “Iléṣà mà gbà yín o, ẹ rù.” Mo ní iṣẹ́ pọ̀ ni. Ìyá Bíọ́dún kò wá mọ́. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, ó wà nílé. Bí iṣẹ́ bá gbé mi gba Iyaro, ọ̀nà mìíràn ni mò ń gbà.

Ọjọ́ tí aṣírí tú, mo lọ fún àyẹ̀wò. A jókòó lórí bẹ́ńṣì gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, káàdì lọ́wọ́ oníkálukú. Mo rí Bíọ́dún tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn kan bọ̀. Mi ò kọ́kọ́ dá ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ mọ̀. Ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Òun ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀. Ojú rẹ̀ tàn.

Ó ní, “Bíọ́dún, wò ó, Bàbá Tèmi rèé. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wá gbàdúrà fún àwọn aláìsàn ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni” ló wá sí mi lẹ́nu. Mi ò fi pamọ́ fún yín. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú mi ti rí, mo ti la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ nọ́ọ̀sì yọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó pariwo, “Papa Tèmi! Papa, come make I check your bag. That place wey dem cut, e don dry well?”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ tèmi kò tó ọdún kan. Ìyá Bíọ́dún wo ẹnu nọ́ọ̀sì, ó wo bùbá mi, ó wo ibi tí ó ta síwájú díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì.

Ó ní, “Ìgbà wo?”

Mo ní, “Ó di oṣù mẹ́rin.”

Ó ní, “Nígbà tí mo pè yín ní Iléṣà ńkọ́?”

Mo ní, “Ibí ni mo wà. Wọ́ọ̀dù òkè yẹn.”

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ní, “Bíọ́dún, yí mi sí apá ibẹ̀ yẹn.” Ọmọ náà yí kẹ̀kẹ́ padà, ó wá kọ ẹ̀yìn sí mi, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi pè é wọlé.

Mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ifueko, láti ọjọ́ káàdì títí dé ọjọ́ náà. Ó ti mọ̀ pé mo parọ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ kò mọ̀ pé obìnrin kan wà tó ń dúró lórí irọ́ náà. Ó di ọwọ́ lé orí. Ó ní, “You go go there. Èmi náà ń bọ̀.” Ọjọ́ kejì la lọ sí Iyaro. Bíọ́dún ló ṣílẹ̀kùn. Kò kí wa, kò sì kúrò lójú ọ̀nà, àfi ìgbà tí ìyá rẹ̀ ní láti inú pálọ̀ pé kó jẹ́ ká wọlé.

Lórí mátírẹ́ẹ̀sì ló wà nílẹ̀. Dókítà ti sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ ni, pé ó ti dé ẹ̀dọ̀, pé kò sí ohun tí wọ́n lè gé mọ́, oògùn ìrora nìkan ló kù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo dàgbà jù ú lọ, mi ò sì tíì dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, àfi ìyá mi àti ìyá ìyàwó mi. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀.

Ó ní, “Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Àpò yín.”

Ẹkún gbé mi mì. Ifueko ló gbé mi dìde.

Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ìrora yìí kọ́ ló ń pa mí. Ohun tó ń pa mí ni pé, àdúrà kan náà ni, Ọlọ́run gbọ́ tiyín, kò gbọ́ tèmi. Mo wá ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀, mo wá a títí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, ẹni tó ti kú láti ọdún pípẹ́. Mo ní bóyá ìgbàgbọ́ mi ni kò tó. Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ó bínú sí mi ni?”

Mi ò mọ̀ títí di ìgbà yẹn pé ohun tí mo ṣe burú ju ọjọ́ tí mo fi ṣòfò fún un lọ. Obìnrin tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run tọkàntọkàn ti ń sunkún lórí mátírẹ́ẹ̀sì pé Ọlọ́run kọ òun, nítorí ó rò pé Ó ṣe é fún mi.

Mo ní, “Kò bínú sí yín. Kò wò mí sàn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ tún dà ní ọjọ́ Ẹtì. Mo parọ́ mọ́ Ọn. Abẹ ni wọ́n fi gé tèmi. Òun kọ́ ló ní kí ẹ dúró, Ìyá Bíọ́dún. Èmi ni.”

Omi ń ti ojú rẹ̀ bọ̀ wá sí etí. Ó wá ní, “Ẹ ṣeun. Mo ti rò pé Ó gbàgbé mi ni.” Ó tún ní, “Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ má fi nǹkan kan kún un o.”

Mo lọ bá pásítọ̀, mo sọ fún un. Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ní kí n má ṣe é, pé n óò tú àwọn ènìyàn ká. Pásítọ̀ ní kí n ṣe é. Ní Ọjọ́rú, mo gba màìkì, mo sọ ọ́ bó ṣe rí, mo gbé bùbá mi sókè kí wọ́n rí àpò. Kò sí Halelúyà. Ẹnìkan pòṣé. Obìnrin tó jó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bo ojú rẹ̀. Tèmi fi fóònù gbà á sílẹ̀, ó gbé e lọ fún Ìyá Bíọ́dún. Ìyá náà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní “Ó dára.” Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tó fi kú. Ó ń gbàdúrà títí dé òpin, Tèmi ló sọ fún mi, nítorí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́, ibi tí èmi kò ní ojú láti máa lọ.

Ó ti di ọdún méjì báyìí. Mo ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò, wọn kò sì tíì rí nǹkan tuntun. Mo ti mọ bí a ti ń pààrọ̀ àpò, mo mọ oúnjẹ tó ń fa afẹ́fẹ́, mo ti padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo ń gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí nígbà yẹn, ẹnu ara mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Bí o bá rí ẹ̀jẹ̀, lọ. Ó lè jẹ́ jẹ̀dí lóòótọ́, jẹ́ kí dókítà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Gbàdúrà lórí bẹ́ńṣì, Ọlọ́run wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ wá fún ọ láti gbàdúrà lé lórí, gbàdúrà, kí o wá bi í ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, kí o sì bá a lọ.

Bíọ́dún ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun ló ń tọ́jú iná. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ló ń kọ́kọ́ kí àgbà, àgbà tó bá kọ́kọ́ kí ọmọ, ó ní ohun tó ń bẹ̀ fún. Èmi tí mo tó bàbá rẹ̀, èmi ni mò ń kọ́kọ́ kí i ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Mo ní, “Bíọ́dún, ẹ káàárọ̀.” Mo fi “ẹ” sí i. Á wò mí, á kọjá. Títí di òní, kò tíì dá mi lóhùn. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, màá tún kí i.